Bí Yunifásítì Ṣe Lè Fi Oyè Ọ̀mọ̀wé Dá Ènìyàn Lọ́lá Láìkábàámọ̀

Ẹni tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá kò jókòó sí kíláàsì, kò ṣe ìdánwò, kò sì kọ iṣẹ́ ìwádìí kankan fún yunifásítì tó fún un. Yunifásítì ló wo ohun tó ti ṣe láyé, ló sọ pé ó tó bẹ́ẹ̀, ló sì fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún un níwájú gbogbo ayé. Oxford ló ni àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ nípa irú oyè yìí: ní ìparí àwọn ọdún 1470 ni wọ́n fún Lionel Woodville, àbúrò ayaba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà. Ẹ rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "ta ló mọ ọba" ti wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ni mo kọ èyí fún: òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ́jísítírà, akọ̀wé ìgbìmọ̀, àti olùkọ́ tó ní ẹnì kan lọ́kàn tí kò mọ ibi tí yóò gbà. Ayẹyẹ ni gbogbo ènìyàn máa ń rí, ṣùgbọ́n nínú nǹkan bí ọdún kan tó ṣáájú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dára tàbí tó ti ń bàjẹ́.

1. Ẹ ka òfin yín kí orúkọ tó wọlé

Ohun mẹ́rin lẹ ń wá nínú òfin tó dá yunifásítì yín sílẹ̀ àti nínú ìlànà tí sẹ́nétì, ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́ àgbà tó ń ṣàkóso ẹ̀kọ́, ti fọwọ́ sí: ta ló láṣẹ láti fi oyè náà fúnni, irú oyè wo ni wọ́n gbà láàyè, ènìyàn mélòó ni wọ́n lè dá lọ́lá lọ́dún kan, àti àwọn wo ni òfin yọ sílẹ̀. Níbi púpọ̀, sẹ́nétì ló máa ń yẹ orúkọ wò tí ìgbìmọ̀ olùdarí á sì fọwọ́ sí i. Bí òfin tiyín bá pín àṣẹ náà bẹ́ẹ̀, gíwá kò lè dá a ṣe. Gíwá tó bá ti ṣe ìlérí oyè fún àlejò níbi àsè alẹ́ ti di ẹrù lé àwọn tó kù lórí.

Bí kò bá sí ìlànà kankan nílẹ̀, ẹ dúró kí ẹ kọ ọ́ ná. Ẹ má sì rò pé dandan ni kí yunifásítì ní irú oyè yìí. MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, kì í fúnni. Stanford àti Yunifásítì Virginia náà kì í fúnni. Cornell fún ènìyàn méjì péré, Andrew Dickson White tó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ wọn àti David Starr Jordan, ní 1886, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó ń fojú kéré wọn nítorí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fúnni pàápàá, ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà yín pé ọdún tí kò bá sí ẹni tó yẹ, ẹ ò ní fún ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn á gbà yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìpàdé.

Ní ti àwọn tí a ń yọ sílẹ̀, mẹ́ta ló wọ́pọ̀: òṣìṣẹ́ yunifásítì tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ ìgbìmọ̀ olùdarí tí sáà rẹ̀ kò tíì parí, àti ẹni tó wà nípò ìṣèlú. Àwọn gíwá yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà fẹnu kò lórí ẹ̀kẹta yìí nínú ìpàdé wọn ní Keffi lọ́dún 2012. Ọ̀rọ̀ olóṣèlú yìí kì í tán bọ̀rọ̀. Ní May 2009, Arizona State University pe Barack Obama, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí àléfà ní Amẹ́ríkà, pé kó wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ níbi ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní fún un ní oyè nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà níwájú. Ariwo ta. Nínú oṣù kan náà, Yunifásítì Notre Dame fún un ní oyè, ariwo mìíràn tún ta. Ẹ fún ẹni tó wà lórí oyè ìṣèlú, ìjà ni. Ẹ má fún un, ìjà ni. Òfin tó ti wà nílẹ̀ kí orúkọ tó dé ló lè gbà yín, nítorí kò ní dà bíi pé ẹnì kan lẹ dójú sọ.

2. Ẹ pe orúkọ, kí ẹ sì béèrè ìbéèrè tó le lórí fọ́ọ̀mù

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní bí ọdún kan ṣáájú ayẹyẹ. Ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀ka, ẹ fún wọn ní oṣù méjì. Fọ́ọ̀mù náà kò gbọ́dọ̀ ju ojú ìwé méjì lọ, ṣùgbọ́n kó béèrè ohun tó yẹ kó béèrè. Ẹni tó ń dábàá kọ orúkọ ara rẹ̀, ó mú àwọn méjì mìíràn wá láti gbè é lẹ́yìn, ó kéré tán kí ọ̀kan nínú wọn wá láti ẹ̀ka mìíràn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìbéèrè méjì tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ dáhùn: "Ṣé ìbátan, okòwò tàbí ẹ̀bùn kankan wà láàárín ìwọ àti ẹni yìí, tàbí láàárín rẹ̀ àti yunifásítì?" àti "Kí lo mọ̀ nípa rẹ̀ tó lè dójú tì wá lọ́la?" Ẹ má yọ ìkejì. Ẹni tó fẹ́ràn ẹni tó ń dábàá sábà máa ń mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀, á sì sọ fún yín bí ẹ bá bi í tààrà.

Ẹni tí wọ́n ń dábàá rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí òkè fọ́ọ̀mù. Bí orúkọ bá kùnà, kò sí ẹni tó fara pa. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbọ́, ìkùnà náà di èébú. Ẹni tó bá dábàá ara rẹ̀, tàbí tó rán akọ̀wé rẹ̀ wá béèrè ohun tí òun máa ṣe kí òun lè gbà á, ẹ ti dá a lóhùn nìyẹn.

Bí ẹ bá jókòó kí orúkọ máa wá fúnra rẹ̀, olówó àti gbajúmọ̀ ló máa kún fọ́ọ̀mù yín. Kì í ṣe pé wọn ò yẹ. Àmọ́ ẹni tó fi ìdajì ayé rẹ̀ kọ ìwé atúmọ̀ èdè fún èdè tí kò ní ìkankan, tàbí nọ́ọ̀sì tó yí bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí padà ní gbogbo agbègbè kan, kò ní ẹni tó máa polongo rẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní ìta, ẹ bi wọ́n pé: "Ta lẹ máa ń bi léèrè nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rú yín lójú?" Ibẹ̀ ni orúkọ gidi ti ń jáde.

3. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ oríyìn nísinsìnyí, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ayẹyẹ

Tí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ mú èyí. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló máa ń dìbò lórí orúkọ, wọ́n á wá gbé e fún ẹnì kan lẹ́yìn oṣù mẹ́fà pé kó kọ ohun tí agbẹnusọ yunifásítì yóò kà. Ìgbà yẹn ni onítọ̀hún á rí i pé kò sí nǹkan tóun fẹ́ kọ. Ẹ yí i padà: kí ẹni tó ń dábàá kọ ọ̀rọ̀ oríyìn kúkúrú, bí igba ọ̀rọ̀, kó so ó mọ́ fọ́ọ̀mù. Bí ọ̀rọ̀ oríyìn kò bá dúró, orúkọ náà kò lè dúró.

Ẹ wo irú èyí tí a máa ń rí:

"Ó jẹ́ ènìyàn pàtàkì, ọlọ́làwọ́ àti aṣáájú rere, tó ti ṣe iṣẹ́ ribiribi fún ìdàgbàsókè àwùjọ àti ìran ènìyàn lápapọ̀."

Ẹ fi ọwọ́ bo orúkọ tó wà lókè rẹ̀. Ta nìyẹn? Ó lè jẹ́ ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ẹ wá wo èyí tí mo hun fún àpẹẹrẹ:

"Ó ya máàpù omi abẹ́ ilẹ̀ agbègbè kan tí kò ní máàpù rí, ó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ láti máa wọn jíjìn omi nínú kànga fúnra wọn. Ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ lóṣooṣù ni àwọn ẹlẹ́rọ ń wò títí dòní kí wọ́n tó gbẹ́ kànga tuntun."

Ẹni kan ṣoṣo ni gbólóhùn yẹn bá mu. Ẹ lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ lè bi àwọn ọ̀dọ́ náà. Ó sì ti sọ ìdí tí yunifásítì tó ní ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ fi yẹ kó bìkítà. Ìbéèrè tí mo máa ń fún àwọn tó ń kọ ọ́ kò ju mẹ́ta lọ: Kí ni kì bá tí sí bí ẹni yìí kò bá sí? Ta ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀ lónìí? Kí ló dé tó fi jẹ́ yunifásítì tiwa? Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí ẹ̀kẹta, bóyá yunifásítì mìíràn ló yẹ kó bá sọ̀rọ̀.

4. Ìwádìí: ibi tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ti kánjú

Yunifásítì Edinburgh fi oyè dá Robert Mugabe, olórí ìjọba Zimbabwe, lọ́lá ní 1984, nítorí ohun tó ṣe fún ètò ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà. Ní 2007 wọ́n gbà á padà. University of Massachusetts fún un ní 1986, wọ́n gbà á padà ní 2008. Ohun tó yẹ kí ẹ fà yọ níbẹ̀ kì í ṣe pé ènìyàn lè yí padà lẹ́yìn oyè. Ní 1984 yẹn gan-an, ìpànìyàn ti ń lọ lọ́wọ́ ní Matabeleland, apá kan ilẹ̀ Zimbabwe. Iṣẹ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá a lọ́lá jẹ́ òótọ́, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Matabeleland náà sì jẹ́ òótọ́. Ìwádìí tó bá wo apá tó dùn nìkan kì í ṣe ìwádìí.

Nítorí náà, ẹ fi ìwádìí lé ẹni méjì lọ́wọ́, kí ìkankan nínú wọn má sì jẹ́ ẹni tó dábàá orúkọ. Kí oníkálukú ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ kí wọ́n tó fi wéra. Kí ni wọ́n ń wò? Àkọ́kọ́, ohun tí onítọ̀hún sọ nípa ara rẹ̀: àwọn oyè ẹ̀kọ́ tó ní òun gbà, àwọn ipò tó ní òun dì mú, ẹ̀bùn tó ní òun gbà. Ẹ kàn sí ilé-ẹ̀kọ́ tó dárúkọ. Ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu bí ayédèrú ṣe máa ń sá pamọ́ sínú ìtàn ìgbésí ayé tó dán. Lẹ́yìn náà, ẹjọ́ ní kóòtù, àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó ní tàbí tó jẹ́ olùdarí rẹ̀, gbèsè owó orí, àti ẹ̀sùn àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òǹkọ̀wé tàbí onímọ̀, ṣé ẹnikẹ́ni ti fẹ̀sùn jíjí iṣẹ́ ẹlòmíì kàn án? Ẹ ka ọ̀rọ̀ tó ti sọ ní gbangba lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, pàápàá èyí tó kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní òru tí inú ń bí i.

Ẹ wá a ní èdè ibi tó ti gbé. Ẹni tó lo ogún ọdún ní Brazil, bí ẹ bá wá orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ìdajì rẹ̀ lẹ rí. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíì jẹ aláìṣẹ̀ níyà. Àhesọ kì í ṣe ẹ̀rí. Bí nǹkan bá kàn jẹ́ "wọ́n ní, wọ́n ní", ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àhesọ ni, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ wá a dé.

Ọ̀rọ̀ owó wá ńkọ́? Ẹni tó kọ́ ilé ìkàwé fún yunifásítì lè yẹ fún oyè, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Èèwọ̀ ni kí oyè jẹ́ èrè ilé ìkàwé náà. Bí ẹ bá bi mí, ọ́fíìsì tó ń wá owó kò gbọ́dọ̀ ní àga nínú ìgbìmọ̀ yìí rárá, kò sì yẹ kí ẹ fi oyè dá ẹnikẹ́ni lọ́lá nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn láti ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan tán pátápátá kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì dán ọ̀rọ̀ oríyìn wò: ẹ yọ gbogbo gbólóhùn tó dá lórí owó kúrò nínú rẹ̀. Kí ló ṣẹ́ kù?

Èsì ìwádìí kò gbọ́dọ̀ ju ojú ìwé kan lọ: ohun tí a yẹ̀ wò, ohun tí a rí, ohun tí a kò rí ẹ̀rí rẹ̀. Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i.

5. Ìpàdé àti ìbò

Ìgbìmọ̀ tó bá ju mẹ́sàn-án lọ kì í lè pa àṣírí mọ́. Ẹ kó ìwé fún wọn ní yàrá ìpàdé, ẹ gbà á padà kí wọ́n tó jáde. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, yálà ìbátan, alábàáṣòwò tàbí ọ̀tá, kó jáde nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ orúkọ yẹn. Kó jáde gan-an, kì í ṣe kó jókòó kó dákẹ́, nítorí ojú ń sọ̀rọ̀.

Ìbò ìkọ̀kọ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì gbé òdiwọ̀n ga: ìdá méjì nínú mẹ́ta, ó kéré tán. Orúkọ tó fi ìbò kan ṣoṣo wọlé ti ní ìjà nínú. Ẹ rántí Oxford ní 1985. Margaret Thatcher ni olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Oxford ló sì ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ wá fún oyè, inú sì ń bí àwọn olùkọ́ nítorí owó tí ìjọba rẹ̀ gé kúrò lórí ẹ̀kọ́ àti ìwádìí. Nígbà tí wọ́n dìbò, 738 ní àwọn ò gbà, 319 gbà. Gbogbo ayé ló gbọ́. Bí ẹ bá fara mọ́ àwọn olùkọ́ tàbí ẹ kò fara mọ́ wọn, òtítọ́ ibẹ̀ ni pé orúkọ náà ti di mímọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ibi tí ìbò máa já sí. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó gbọ́n a máa fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò kó tó gbé orúkọ lọ sí gbàgede.

Nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, ẹ kọ orúkọ àti èsì nìkan. Ẹ má kọ ohun tí ẹnì kan sọ nípa ẹlòmíì.

Lẹ́yìn ìgbìmọ̀, sẹ́nétì. Lẹ́yìn sẹ́nétì, ìgbìmọ̀ olùdarí, bí òfin yín bá ní kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ oríyìn àti ojú ìwé ìwádìí ránṣẹ́ pọ̀. Kò sí ohun púpọ̀ láti sọ níbí, àyàfi pé kí ẹ wo déètì ìpàdé wọn ṣáájú: ìpàdé sẹ́nétì kan tí ẹ pàdánù lè sún gbogbo ètò síwájú lọ́dún kan.

6. Oyè wo?

D.Sc. fún iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, D.Litt. fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti iṣẹ́ ọnà, D.Mus. fún orin (irú èyí ni Oxford fún Joseph Haydn ní 1791), LL.D. fún iṣẹ́ ìlú àti gbogbo ohun tí kò bá wọ inú àwọn tó kù. Ph.D. ni kí ẹ má fi ṣe ìdánilọ́lá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lo ọdún márùn-ún nínú yàrá ìwádìí ló ni ìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe àwàdà, ẹ mọ̀ pé ẹlòmíì ti ṣe é dé góńgó: ní 1996, Southampton College ti Long Island University fún Kermit, ọmọlangidi ọ̀pọ̀lọ́ orí tẹlifíṣọ̀n, ní oyè ọ̀mọ̀wé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan tó fi òógùn ojú gba tiwọn kò rẹ́rìn-ín.

7. Lẹ́tà sí ẹni náà

Gíwá ló ń fọwọ́ sí i, kì í ṣe akọ̀wé. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọwọ́ onítọ̀hún gan-an. Irú èyí máa ṣe:

"Ẹni ọ̀wọ̀,

Inú mi dùn láti fi tó yín létí pé sẹ́nétì àti ìgbìmọ̀ olùdarí yunifásítì wa ti fẹnu kò láti fi oyè D.Sc., honoris causa, dá yín lọ́lá, nítorí iṣẹ́ yín lórí omi abẹ́ ilẹ̀. Bí ẹ bá gbà fún wa, a ó fún yín ní oyè náà níbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè wa tó ń bọ̀. Ìlànà wa ni pé kí ẹni tí a ń dá lọ́lá wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ títí a ó fi kéde rẹ̀, kí ẹ sì fún wa lésì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A kò retí ohunkóhun mìíràn lọ́wọ́ yín."

Honoris causa ni èdè Látìn fún "nítorí ìdánilọ́lá". Ẹ má yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gba ímeèlì láti ọwọ́ àwọn jìbìtì tó ń ta oyè, ẹni tó bá gba tiyín á kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ máa béèrè owó. Ẹ pè é lórí fóònù lọ́jọ́ tí lẹ́tà bá dé.

Kí ẹ tún pinnu ṣáájú bóyá ẹ máa fúnni bí ẹni náà kò bá lè wá. Yunifásítì púpọ̀ kò gbà. Harvard kì í fún ẹni tí kò bá wá, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí a ti ń ṣe ètò fún ẹni tí àkókò rẹ̀ kò bá ti ayẹyẹ mu: wọ́n ṣe ayẹyẹ ọ̀tọ̀ fún Winston Churchill ní 1943 àti fún Nelson Mandela ní 1998.

Àwọn kan á kọ̀, ẹ má bínú. Johannes Brahms, ará Jámánì tó ń ṣẹ̀dá orin, kọ̀ láti lọ gba oyè ní Cambridge nítorí pé kò fẹ́ rìnrìn àjò orí òkun. Nígbà tí Yunifásítì Breslau fún un ní tiwọn ní 1879, káàdì ìfìwéránṣẹ́ ló kọ́kọ́ fi dúpẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló sọ fún un pé orin ni wọ́n ń retí. Ó kọ orin ọ̀hún, ó sì kó àwọn orin tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ nídìí ọtí sínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń retí orin, ẹ sọ ọ́ nínú lẹ́tà.

8. Ọjọ́ náà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, ẹ gba ìwọ̀n rẹ̀: gíga, èjìká, àti yíká orí fún fìlà. Ẹ bi í bó ṣe fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sórí ìwé ẹ̀rí, kí ẹ sì ní kó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù níbi tó ti ń pe orúkọ náà. Agbẹnusọ yunifásítì á fi kọ́ ọ. Kò sí ohun tó ń ba oríyìn jẹ́ bíi kí ẹni tó ń yìn ọ́ ṣi orúkọ rẹ pè.

Ọ̀rọ̀ oríyìn tí wọ́n máa kà kò gbọ́dọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ kà á sókè kí ẹ fi aago wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá ti ṣe ìgbésẹ̀ kẹta dáadáa, ẹ ti ní igba ọ̀rọ̀ tó lágbára. Ẹ kàn fi díẹ̀ kún un ni.

Húùdù ni ẹ gbọ́dọ̀ dánrawò, aṣọ tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn yẹn. Ẹni tó ń gbé e wọ̀ á dúró sẹ́yìn, àwọ̀ inú rẹ̀ á kọjú sókè, ọwọ́ méjèèjì á sì nà án kó lè kọjá orí láìkan ojú. Ẹ ní kí onítọ̀hún kọ́kọ́ bọ́ fìlà, kó tẹrí ba díẹ̀. Gíláàsì ojú, yẹtí gígùn àti ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ló sábà máa ń kọ́ húùdù. Bí aṣọ rẹ̀ kò bá ní bọ́tìnì níwájú, húùdù á máa fà sẹ́yìn, á sì máa fún un lọ́rùn. Ẹ fi pín-ìnì kékeré méjì sápò ẹnì kan tó dúró nítòsí. Èyí tí ẹ bá fi ṣeré lórí pèpéle, níwájú kámẹ́rà, ni yóò wà nínú fọ́tò títí láé.

Ètò náà kò le: agbẹnusọ mú un wá síwájú, ó ka ọ̀rọ̀ oríyìn, Sánsẹ́lọ̀ sọ gbólóhùn ìfúnnilóyè, wọ́n gbé húùdù wọ̀ ọ́, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí, ó fọwọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀. Bí ó bá máa sọ̀rọ̀, ẹ sọ iye ìṣẹ́jú fún un nínú ìwé, kí ẹ tún rán an létí. Púpọ̀ àwọn tí a ń dá lọ́lá ti dàgbà: ẹ fi ẹnì kan sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, ẹ gbé àga tó ní apá sórí pèpéle, kí omi wà nítòsí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ni ọjọ́ náà, ẹ má fi wákàtí kan pọ́n àlejò lé kí àwọn òbí máa sun oorun lórí ìjókòó.

9. Lẹ́yìn ayẹyẹ

Ẹ sọ fún un tààrà, nínú ìwé tó tẹ̀lé ìwé ẹ̀rí, bó ṣe lè lo oyè náà. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní kó fi ìkékúrú oyè náà àti h.c. (ìkékúrú honoris causa) sẹ́yìn orúkọ, kó má fi "Dókítà" síwájú. Àwọn gíwá tó pàdé ní Keffi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ìtàn kò fi gbogbo ara bá wọn lọ: láti ìgbà tí St Andrews ti fún Benjamin Franklin ní LL.D. ní 1759 ni wọ́n ti ń pè é ní Dókítà Franklin, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń pe Maya Angelou, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ní Dókítà, bẹ́ẹ̀ oyè ìdánilọ́lá ni tirẹ̀. Mo fara mọ́ ìlànà Keffi síbẹ̀. Ẹni tó ń wá dókítà, yálà ti ara tàbí ti ìwé, yẹ kó mọ irú èyí tóun ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá rí i lórí káàdì ìpè ìgbéyàwó kí ẹ tó sọ ọ́.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ oríyìn sórí ìkànnì yunifásítì, ní kíkún, pẹ̀lú ọdún. Ẹ fi fáìlì gbogbo, fọ́ọ̀mù, ojú ìwé ìwádìí àti èsì ìbò, sí ibi tí akọ̀wé tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín á ti rí i.

Ó ku gbígbà padà. Ẹ kọ ìlànà rẹ̀ nísinsìnyí tí kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀: ta ló lè béèrè pé kí wọ́n gba oyè padà, ẹ̀rí wo ló tó, ìgbà wo ni onítọ̀hún á sọ tẹnu rẹ̀, ìbò mélòó ni. Sẹ́nétì tó fúnni ni kó gbà á padà, òdiwọ̀n ìbò kan náà ni kó sì jẹ́. Ẹ fi gbólóhùn kan sínú lẹ́tà ìfúnnilóyè tó ń sọ pé ìlànà yìí wà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ọn.